Àwo tí Joni Haastrup dá ṣe lẹ́yìn ẹgbẹ́ Monomono: ó mọ èèyàn-án kí ju bó ṣe mọ ìwàásù lọ

Ẹ jẹ́ n ti ibi tó ṣe kókó bẹ̀rẹ̀: ẹ má fi sípíkà fóònù gbọ́ àwo yìí o. Mo bẹ̀ yín ni. Béèsì ló gbé gbogbo ẹ̀ dúró, fóònù ò sì lè gbé béèsì jáde, ohun tó máa kù sí yín létí ò ní ju ohùn ọkùnrin kan tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì pariwo lọ, ẹ ó wá máa bú mi pé kí ni mo rí níbẹ̀ tí mo fi ń dà yín láàmú. Ẹ wá sípíkà tó lápá. Tí ò bá sí, ẹ wá íápíìsì tó dáa, tí ìyẹn náà ò bá sí ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó bá ní wúfà, onígbàjámọ̀ wo ló sì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ò ní wúfà ná.

Àwo tí mò ń wí ni Wake Up Your Mind. Joni Haastrup ló ni ín, 1978 ló jáde lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ rékọ́ọ̀dù Afrodisia, orin mẹ́fà ló wà nínú ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kan ti ń sọ pé àwo 1978, kí ló kàn wá níbẹ̀, àwọn ọmọ tó ń jó ní Under-G, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, lónìí ò tíì sí láyé nígbà yẹn, ìyá ẹlòmíì nínú wọn gan-an lè má tíì sí. Kò burú. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó ti tún un tẹ̀ ní 2011, ó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́ kó gbọ́ ọ, ẹni tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ láàárọ̀ yìí, tuntun ni lójú tiẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti ní aṣíwájú ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì kan ti padà dé o, ó ti dá orin tiẹ̀ ṣe o, òyìnbó onírun gígùn tó wọ kóòtù aláwọ ló máa ń wá sí wa lọ́kàn, bíi pé a ò ní irú ẹ̀ rí. A ní in. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà sì ni.

Ẹ má wo Haastrup kẹ́ ẹ rò pé ará Jámánì ni. Ará Iléṣà á ti mọ orúkọ yẹn, orúkọ ilé ọba ni, ilé Ajímọ́kọ̀, ẹni tó gorí ìtẹ́ Ọwá ní 1896. Joni ò jókòó ti oyè ní tiẹ̀, orin ló gbé e lọ. Nígbà tí Orlando Julius ń ṣe àwo Super Afro Soul ní 1966, ohùn ẹ̀ wà níbẹ̀. Ginger Baker, òyìnbó tó lu ìlù fún ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Cream, tó padà wá ṣí sítúdíò sí Ìkẹjà, òun ló mú un lọ sí ìlú ọba ní 1971 kó lọ dípò Steve Winwood, olórin òyìnbó, nínú ẹgbẹ́ Airforce. Ẹ ro ìyẹn wò ná. Winwood kì í ṣe ọmọdé nídìí orin rárá, ọmọ tiwa ni wọ́n ní kó wá jókòó sórí àga tó dìde lórí ẹ̀. Ẹlòmíì ò bá rọra jókòó síbẹ̀ kó máa jẹun òyìnbó lọ, kò ní wálé mọ́. Joni wálé, ó kó àwọn èèyàn jọ l'Ékòó, ẹgbẹ́ Monomono bẹ̀rẹ̀, Baba Ken Okulolo di béèsì mú, Jimmy Lee Adams di gìtá mú, òun fúnra ẹ̀ jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù ó ń kọrin. Àwo méjì ni wọ́n ṣe tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ò tíì gbàgbé, èyí èkejì, The Dawn of Awareness, 1974 ló jáde.

Kí n yà bàrá díẹ̀. Àwọn ọmọ ìsìn-ín máa ń rò pé rọ́ọ̀kì ò kan Yorùbá, pé jùjú àti àpàlà àti fújì la mọ̀. Irọ́ ni. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, látìgbà tí 1970 wọlé, gìtá tó ń han bí ohun tó ń jó ló kún Èkó, kì í ṣe Èkó nìkan náà. Ẹgbẹ́ BLO wà níbẹ̀, Berkely Jones, Laolu Akins, Mike Odumosu, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ wọn ni wọ́n kó jọ. Ẹ sì mọ ibi tí Laolu Akins padà já sí? Òun ló wà nídìí àwo Ace tí Shina Peters fi da ìgboro rú ní 1989. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá jó Afro-jùjú nínú páátì ìkómọ, ọwọ́ ọmọ rọ́ọ̀kì wà nínú ohun tẹ́ ẹ jó, ẹ kàn ò mọ̀ ni. Torí náà kẹ́nikẹ́ni má sọ fún mi pé orin yìí jìnnà sí wa.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí àwo.

Orin tó máa mú kẹ́ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni Greetings. Béèsì ti ń rìn kẹ́ ẹ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, dọ́rọ́ọ̀mù ò kánjú, gìtá di nǹkan kékeré kan mú kò sì jù ú sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, bí gúdúgúdú ṣe máa ń di tiẹ̀ mú tí ìyáàlù á fi ráyè sọ̀rọ̀. Kíbọ́ọ̀dù ni ìyáàlù ibẹ̀. Ó máa wọlé, ó máa sọ tiẹ̀, ó máa jáde, ẹ ó wá máa retí kó tún padà. Ohùn ọkùnrin yìí náà wá balẹ̀ sórí ẹ̀ bí ẹni tó wọ agbo tó sì mọ gbogbo èèyàn ibẹ̀ lórúkọ. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé kò wá nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Ó kí wa ni. Ẹ mọ̀ pé tí èèyàn bá wọlé ní ilẹ̀ wa níbí tí ò kí ará ilé kó tó máa rojọ́, kò sẹ́ni tó máa fetí sí ẹjọ́ ẹ̀, ó dà bíi pé Joni mọ̀yẹn lórin yìí, gbogbo ara orin náà tújú ká. Mo ti tẹ̀ ẹ́ fún onígbàjámọ̀ mi, ọmọ tó jẹ́ pé orin tí ò bá ti jáde lọ́sẹ̀ yìí kì í gbọ́ ọ, orí tó ń fá ló dúró sí, ó ní ẹ̀gbọ́n, ta nìyẹn. Mo ní ọdún 1978 ni. Ó ní ẹ̀gbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ yé ṣeré. Ẹni tó jókòó sórí àga tí wọ́n ti fá ìdajì orí ẹ̀ ń mi ẹsẹ̀.

Do the Funkro náà ò burú, orin ijó ni, orúkọ ẹ̀ ti sọ ọ́, ẹni tó bá fẹ́ ronú kó gba ibòmíì lọ. Ìyẹn dáa láti tẹ̀ níbi páátì alẹ́. Àwọn ọmọ LAUTECH kan tí mo mọ̀ fi í sáàárín orin tuntun méjì níbi ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ wọn, kò sẹ́ni tó jókòó, kò sì sẹ́ni tó béèrè ẹni tó kọ ọ́, èmi ni mo ń rẹ́rìn-ín ní tèmi.

Free My People lágbára, ẹ kàn gbọ́dọ̀ rántí àsìkò tó jáde. 1978, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣì wà ní Gúúsù Áfíríkà, Mandela ṣì wà lẹ́wọ̀n ní Robben Island, Zimbabwe ò tíì gbòmìnira, 1980 ni wọ́n gbà á. Nílé níbí, ológun ló wà lórí oyè, ọdún yẹn náà làwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì jáde sígboro tí wọ́n ń pariwo pé kí Ali, kọmíṣọ́nà ẹ̀kọ́ ìgbà yẹn, máa lọ. Orin tó bá ní kẹ́ ẹ tú àwọn èèyàn mi sílẹ̀ lásìkò yẹn, kò sí ibi tí ò ní balẹ̀ sí. Mo gbọ́ ọ tán mo dákẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n n ò ní purọ́, ohun tó wọ̀ mí lára níbẹ̀ ni béèsì àti ìlù, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ló tẹ̀lé e.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ mi wà. Tí ọkùnrin yìí bá ń kí èèyàn, tàbí tó ní kẹ́ ẹ dìde jó, kò sí aláìgbọ́ràn. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù, ọwọ́ ẹ̀ á falẹ̀. Orin tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe àwo gan-an, Wake Up Your Mind, ohun tó ń ṣe mí níbẹ̀ nìyẹn: ẹ jí, ẹ ronú, ẹ la ojú yín, ó dáa, a ti jí, kí ló wá kàn? Ẹ má gbàgbé pé Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ ti ń ka èyí lọ́wọ́ mi o. Ìlú tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi ti bẹ̀rẹ̀ ní 1898, ìwàásù wo lẹ fẹ́ wàásù tá ò tíì gbọ́? Oníwàásù tó bá mọ iṣẹ́ níbí, ìtàn ló máa kọ́kọ́ sọ fún ẹ, ìtàn ẹnì kan pàtó, ó máa dárúkọ oko tó lọ àti ẹrù tó rù, o ò ní mọ̀gbà tọ́rọ̀ á fi gún ẹ. Joni ò sọ ìtàn ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá sì ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀, ẹni tó jókòó ní Takie nílùú yìí lè rò pé ọ̀rọ̀ náà ò kan òun.

Champions and Superstars, n kì í tún un gbọ́. Watch Out, mo máa ń jẹ́ kó lọ tí ọwọ́ mi bá dí. Ìyẹn náà nìyẹn.

Ìdí tí mo fi lẹ́nu láti sọ̀rọ̀ báyìí ni pé mo gbọ́ ọ lórí rékọ́ọ̀dù gidi, kì í ṣe orí fóònù nìkan. Bàbá kan wà nítòsí Takie tó ń tún rédíò ṣe, ẹ ò ní rí àmì ìpolówó kankan níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, rédíò tó ti kú àti àwọn tó ń kú lọ ló kún ibẹ̀ dé òkè àjà. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, rẹ́díógírámù kan wà níbẹ̀ tí igi ẹ̀ ṣì ń dán, rékọ́ọ̀dù sì wà nínú páálí mílíìkì, Haruna Iṣọ̀lá, Ebenezer Obey, Ògúndáre Fọ́nyánmu tiwa níbí, wọ́n to ìjálá mọ́ àpàlà, wọ́n to àpàlà mọ́ orin ìyìn Olúwa. Mo béèrè bóyá wọ́n ní Joni Haastrup. Bàbá wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ta ló rán ẹ?”

Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi sà.

“Àwọn ọmọ kan máa ń wá láti Èkó,” ni wọ́n wí, “wọ́n á ní àwọn ń wá àwo àtijọ́, wọ́n á fi owó ọ̀rá ẹ̀wà rà á lọ́wọ́ ẹ, wọ́n á lọ tà á fún òyìnbó. Mo ti ta púpọ̀ kí n tó gbọ́n. Tó o bá fẹ́ rà, máa lọ. Tó o bá fẹ́ gbọ́ ọ, jókòó.”

Mo jókòó. Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú nǹkan yẹn. Wọ́n fi àkísà funfun rírọ̀ nu ún, wọ́n ń nu ún yípo bí ojú àwo ṣe lọ, wọn ò nu ún gba àárín já, wọ́n ní ẹni tó bá nu ún gba àárín já ń ha á ni. Apá ẹ̀rọ náà ti fúyẹ́ torí ọjọ́ ti lọ lórí ẹ̀, abẹ́rẹ́ máa ń fò, wọ́n wá mú kọ́bọ̀ àtijọ́ kan, wọ́n fi ìlẹ̀mọ́lẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí apá náà kó lè wúwo. Abẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń ta pàrà pàrà bí àgbàdo tí wọ́n ń yan, béèsì wá dé, mo bá gbọ́ ọ nínú àga tí mo jókòó lé. Ó yàtọ̀. Èyí tí mo ti ń gbọ́ lórí fóònù ti fọ̀ nù, ó mọ́, gbogbo nǹkan ẹ̀ ló dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, o lè ka gìtá lọ́tọ̀ kó o ka kíbọ́ọ̀dù lọ́tọ̀. Ti bàbá ò mọ́, ó ní ibi tó ti ń fò tí wọ́n ní láti fi ìka ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó nípọn, ohùn àti ìlù wọ inú ara wọn. Tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, tàtijọ́ ni máa mú fún Greetings, màá mú tuntun fún ìyókù, torí pé nínú ìyókù èèyàn nílò kó gbọ́ ohun tí ọwọ́ ń ṣe nídìí kíbọ́ọ̀dù.

Mo béèrè lọ́wọ́ bàbá pé kí ni wọ́n rò sí i. Wọ́n ní, “Ọmọ yẹn mọ orin. Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ló pọ̀.” Wọ́n dìde, wọ́n yọ òmíràn, The Dawn of Awareness, páálí ẹ̀ ti ya, wọ́n gbé e lé e. Wọ́n ní kí n gbọ́ Ìpàdé Aládùn ná, kí n wá gbọ́ èyí tí wọ́n kọ Tire Loma Da Nigbehin sára ẹ̀. N ò ní lè ṣàlàyé ẹ̀ tán. Joni kan náà ni, ọ̀fun kan náà, ṣùgbọ́n ibi tó ti fi èdè wa kọrin lórí gìtá rọ́ọ̀kì yẹn, kò sí ìwàásù tó jọ ọ́. Kò pariwo pé kẹ́ ẹ jí. Ó ń sọ ọ́ bí àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀ tó máa ní “ó dáa, máa ṣe é lọ,” tí gbogbo ilé á sì mọ̀ pé ó ti parí fún ẹ. Bàbá ń gbe orin náà lẹ́nu jẹ́jẹ́, ọwọ́ wọn ń tú ẹ̀yìn rédíò ẹlòmíì, wọn ò wò mí mọ́.

Orúkọ orin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà lára àwo tó dá ṣe, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìdí ẹ̀ yé mi, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ọkùnrin tó ti dé orí àga Winwood, tó ti rí bí ìlú ọba ṣe ń jó, kò sí bí ò ṣe ní fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun ní gbogbo ibi. Àsìkò dísíkò náà ni, gbogbo ayé ló fẹ́ jó, ẹni tó bá ní béèsì tó dáa lè ta á níbikíbi. Wọ́n sì ti gbọ́ ọ lóòótọ́, àwọn òyìnbó tó ń ra àwo àtijọ́ ò fi Greetings ṣeré, òun àti Baba Ken Okulolo gan-an sì padà lọ gbé Kalifọ́níà, ibẹ̀ ni wọ́n ti bá orin lọ. Ó rí ohun tó ń wá. Èmi tí mo jókòó sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń ṣe ìlara pé ohun tó ń wá yẹn mú kó fi èyí tó mọ̀ ọ́n ṣe jù sílé.

Ohun kejì tí mo ṣàkíyèsí, ọmọ kan tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló là mí lójú sí i. Mo tẹ ọ̀kan nínú orin àwo yìí fún un pẹ̀lú íápíìsì, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ tábìlì náà tẹ̀lé e, ó ń wá ibi tí ọwọ́ wà. Ó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀gbọ́n, kọ́ọ̀dù tó wà níbí ò ju bíi mélòó kan lọ. Nígbà tó yá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ibi tó fi sílẹ̀ láìtẹ̀ ló ń ya òun lẹ́nu, pé àwọn tí òun mọ̀ á ti kún gbogbo ibẹ̀, wọ́n á ti fi ìka sáré gòkè sáré sọ̀ kalẹ̀ kí ìjọ lè pariwo, pé bàbá olórin yìí ń dúró. Lóòótọ́ ni. Mo padà lọ gbọ́ ọ, mo sì rí i pé ọwọ́ ẹ̀ ní sùúrù ju ẹnu ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú ọjọ́ Sátidé yín kẹ́ ẹ gbọ́ àwo yìí kẹ́ ẹ tó lọ ṣe ìgbáradì, ìjọ á gbádùn, ọ̀gá akọrin náà á sinmi.

Ó tún ku ohun tó dùn mí díẹ̀. Lórí àwo ẹgbẹ́, ẹ máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bára wọn fà á. Gìtá Jimmy Lee Adams á fẹ́ lọ síbì kan, béèsì Okulolo á ní rárá, Joni á wá fi ohùn ẹ̀ là wọ́n. Lórí tiẹ̀ tó dá ṣe, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ó mọ́ tónítóní, ó gún, kò sí ẹni tó ṣìṣe, kò sì sí ẹni tó ya oríkunkun. Àwọn kan fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Èmi fẹ́ kí ẹnì kan máa ya oríkunkun díẹ̀ nínú orin, ó máa ń jẹ́ kí n mọ̀ pé èèyàn ló wà níbẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa rí i nìyí. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́ yìí, a méjì ló wà nínú Haastrup, ẹni tó bá fi ẹyọ kan kọ ọ́ lè máa wá a títí. Tí dátà bá jẹ́ ìṣòro, ẹ fi Wi-Fi ọ̀rẹ́ tàbí ti ibi iṣẹ́ fà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ máa gbọ́ ọ lọ, orin mẹ́fà péré ni, kò ní jẹ àyè púpọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta mẹ́mọ́rì káàdì lábẹ́ agbòòrùn, tí wọ́n á ní Joni wà níbẹ̀, èyí tí mo rà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, orin ẹlòmíì ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀ lẹ̀ mọ́, béèsì ibẹ̀ sì dún bí ìgbà tí wọ́n ń gbá páànù. Rékọ́ọ̀dù tuntun tí wọ́n tún tẹ̀, ìlú òyìnbó lẹ máa ti rà á, owó ọkọ̀ ẹ̀ lè ju owó ẹ̀ lọ, n ò sì ní kẹ́ ẹ rà á àyàfi tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rọ tó dáa nílé. Ṣé ẹ máa wá fi ra á tán kẹ́ ẹ gbé e kọ́ ògiri?

Tàtijọ́ ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá bá a pàdé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ní Sábó ni o, ní Ọ̀yọ́ ni o, ẹ má kọ́kọ́ na owó. Ẹ gbé e sójú oòrùn kẹ́ ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ìlà tó bá gba àárín já lẹ máa fi ojú rí, èyí tẹ́ ẹ bá fi èékánná kàn tó bá gún yín lọ́wọ́, ibẹ̀ á fò dandan. Ẹ wò ó bóyá ó ti tẹ̀, oòrùn inú ṣọ́ọ̀bù àti páànù ti ba púpọ̀ nínú wọn jẹ́, tó bá ti tẹ̀ ohùn á máa gòkè máa sọ̀ bí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lórí òpópónà wa. Kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n gbé Greetings lé e kẹ́ ẹ gbọ́ ọ tán pátápátá, torí pé tó bá jẹ́ òun ni wọ́n ń tẹ̀ jù, ojú ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jẹ.

Tí wọ́n bá ní kí n fún un ní máàkì, méje nínú mẹ́wàá. Mẹ́sàn-án ni Greetings gbà fúnra ẹ̀, àwọn ìwàásù yẹn ló fà á wálẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ pé ijó ló ń wá, kó bẹ̀rẹ̀ látorí èyí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà yìí lè ṣe gan-an, kó gbọ́ ti 1974 kọ́kọ́, kó wá fi èyí tẹ̀lé e. Bàbá ò gbà láti ta tiwọn fún mi, mo bẹ̀ ẹ́ bẹ̀ ẹ́. Torí náà, ẹni tó bá ní The Dawn of Awareness tó ṣì dáa lọ́wọ́ ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mo ń wá a, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe owó Lọ́ńdọ́ọ̀nù fún mi o.